Izal Nínú Bókẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta

Bókẹ́ẹ̀tì ẹrẹ̀ mẹ́fà ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Mile One lọ́dún 2018, kò sì sẹ́ni tó gba ibẹ̀ kọjá tí kò fọwọ́ bo imú. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá ó ń rùn. Ológbò ilé kejì tó máa ń wá yáàrùn lórí fẹ́ǹsì wa, ó ti kó kúrò ládùúgbò.

Àbúrò mi ló ni ẹrẹ̀. Wàsílátù lorúkọ rẹ̀, tísà báyọ́lọ́jì ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Rumuokwurushi. Èmi Súnkànmí, rédíò ni mò ń tún ṣe, pẹ̀lú fáànù, pẹ̀lú fóònù, pẹ̀lú ohunkóhun tí ẹ bá gbé wá, tí ẹ ò bá ṣáà ti kánjú. Ọ̀dọ̀ Màámi la jọ ń gbé. Ọlọ́pàá ni bàbá wa. Ìjọba ló gbé wọn láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Port Harcourt, Màámi sì tẹ̀lé wọn wá pẹ̀lú ìkòkò ògì kan àti asẹ́ kan. Bàbá ti kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Asẹ́ ti ya. Ìkòkò ògì ṣì wà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, Wàsílátù wọ kéké lọ sí Iwofe, ó bọ́ bàtà, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ etí omi lọ, níbi tí àwọn igi wọ̀nyẹn ti na gbòǹgbò sókè bí ẹsẹ̀ akàn. Ó gbẹ́ ẹrẹ̀ dúdú kún bókẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Ẹni tó wa kéké bi í pé, "Auntie, you wan plant rice?"  Nígbà tó délé, tí Màámi rí i pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Wàsí, iṣẹ́ tísà lo ń ṣe àbí iṣẹ́ amọ̀kòkò?"

"Iná ni mo fẹ́ fà jáde nínú rẹ̀, Màámi. Iná mọ̀nàmọ́ná."

Màámi yíjú sí mi. "Súnkànmí, bá mi fọwọ́ kan iwájú orí àbúrò rẹ. Wò ó bóyá ó gbóná."

Orí rẹ̀ kò gbóná. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún wa bó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ní kòkòrò kún inú ẹrẹ̀ yẹn bámúbámú, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí wọn. Wọ́n ń jẹun bíi tiwa. Tí àwa bá jẹun, ẹrù kan máa ń ṣẹ́ kù lára oúnjẹ yẹn tí ara wa gbọ́dọ̀ rí ibi já a sí, afẹ́fẹ́ tí à ń mí ló ń bá wa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nísàlẹ̀ ẹrẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́. Tí èèyàn bá wá ri ọ̀pá dúdú tó wà láàárín bátìrì tọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, orí ọ̀pá yẹn ni wọ́n máa já ẹrù wọn lé. Ẹrù yẹn á gba inú wáyà gòkè, á lọ bá ọ̀pá kejì tó léfòó lójú omi, níbi tí afẹ́fẹ́ wà.

"Ìrìn ẹrù yẹn nínú wáyà," Wàsílátù sọ, "òun gan-an là ń pè ní iná."

Màámi ronú sí i. Ẹ mọ̀ pé àgbà kì í kánjú.

"Ṣé ìgbẹ́ wọn wá ni iná?"

"Ìgbẹ́ kọ́, Màámi!"

"Ohun tí wọ́n jẹ kù tí wọ́n sọ sílẹ̀. Kí là ń pe ìyẹn n'Ìjẹ̀bú?"

Mo rẹ́rìn-ín títí tí mo fi di ògiri mú. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan, ó ku oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ. Màámi ní kí ni wọ́n ń jẹ. Wàsílátù bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè àjà.

"Ohun tó bá ti kan dáadáa. Bí... bí omi ògì."

"Omi ògì ta ni?"

Ẹ̀yin náà mọ omi ògì tó wà nínú ilé wa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Èmi ni mo fọ́ òkú bátìrì tó ti pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ọdún wo, mo yọ ọ̀pá inú wọn, Wàsílátù sè wọ́n nínú omi lẹ́ẹ̀mẹta kí kẹ́míkà inú wọn lè jáde. A dì wọ́n ní ìdì-ìdì: ìdì kan sísàlẹ̀ ẹrẹ̀, ìdì kan sójú omi, wáyà láàárín. Ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, agolo mílíìkì kan omi ògì fún bókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Màámi ló ń wọ̀n ọ́n fúnra wọn, wọ́n sì ń kùn bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ alájẹkì: "Ẹ jẹ, ẹ yó. Ẹ ò ní kí mi o."

Èmi ò gbà á gbọ́, ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́. Lọ́jọ́ kìíní mo gbé mítà mi sí i, mítà ní òdo. Lọ́jọ́ kẹta, òdo. Mo ń fi Wàsílátù ṣe yẹ̀yẹ́, mò ń pè é ní NEPA ẹlẹ́rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, nọ́ńbà mì. Ó mì díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó ń sùn bá yí padà. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun òwúrọ̀ ti kọ̀ mí. N ò tíì fọ eyín, mo ti wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú mítà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti jí. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Èmi, tó jẹ́ pé àwọn oníbàárà mi ní láti pè mí lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gbé fáànù wọn sórí tábìlì.

Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bókẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ti ní ìdá kan nínú mẹ́ta agbára bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan. Ẹ bá mi ṣírò: bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, bátìrì kan; bókẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, bátìrì méjì. Mo so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ìrù mọ́ orí, ìrù mọ́ orí, mo sì fi gílóòbù pupa kékeré kan sí i, irú èyí tó máa ń wà níwájú rédíò. Ó tàn.

Màámi tẹjú mọ́ ọn. "Gbogbo omi ògì mi, ojú èkúté kan ṣoṣo ló dà?"

Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò níbẹ̀ o. Wọ́n dúró wò ó títí ẹ̀wà fi jóná.

Ó yẹ kí àbúrò mi dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó dé ilé ẹ̀kọ́, ó sì kéde ní asẹ́ḿbílì pé ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹrẹ̀ máa tan iná lójú gbogbo ayé. Ohun tó fà á nìyí. Wàsílátù ní yàrá kan nílé ẹ̀kọ́ náà, òun àtàwọn ọmọbìnrin mọ́kànlélógún tí wọ́n jọ ń ṣe kíláàbù sáyẹ́ǹsì. Yàrá yẹn ló ń gbé ọkàn rẹ̀ ró. Àwọn òbí wá fi kánópì mẹ́wàá ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, kò síbi tí wọ́n máa kó wọn sí, pírínsípà sì ti ń wo yàrá yẹn. Madam Belema lorúkọ pírínsípà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ti gbà á nìyẹn.

Ẹni tó tún wá ta epo síná ni Mista Dagogo, tísà físíìsì, ọmọ Kàlàbárì, tó jẹ́ pé tí ẹ bá sọ fún un pé ilẹ̀ mọ́, á kọ́kọ́ lọ yọjú lójú fèrèsé. Ó dìde ní sítáàfù rúùmù. "Na battery carbon you take," ló wí. "Carbon, wáyà, omi iyọ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà lè ṣe é. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀."

Wàsílátù ní kòkòrò wà níbẹ̀.

"Show me one."

Madam Belema wá dá ẹjọ́: Mista Dagogo ni kó ṣe adájọ́ ní Mọ́ńdè. Tó bá gbà pé ohun ẹlẹ́mìí ló ń mú iná wá, kíláàbù ní yàrá. Tí kò bá gbà, kí kánópì wọlé.

Bí Wàsílátù ṣe délé lọ́jọ́ náà, kò jẹun. Ó jókòó ti bókẹ́ẹ̀tì. "Bọ̀ọ̀dá mi, iná á tàn. Ìyẹn ò le. Báwo ni mo ṣe máa fi ohun tí ojú ò rí han ẹni tí kò fẹ́ rí i?"

 A bi ara wa ní Tọ́sìdeè, a bi ara wa ní Fúráìdeè. Sátidé wá dé, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí kò sí ọkọ̀ lójú títì títí di aago mẹ́wàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí pẹ̀lú sùúrù, nítorí ìyá mi ni.

Ẹ̀rù wolé-wolé ni wọ́n fi wo Màámi dàgbà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé n'Ìjẹ̀bú, wolé-wolé lè wọlé, kó ṣí ìkòkò omi yín, kó rí ìdin ẹ̀fọn kan, kó sì gbé ìyá yín lọ sí kóòtù. Títí di òní olónìí, tó bá ti di Sátidé ìmọ́tótó, Màámi máa ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń retí gómìnà. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n gbá iwájú, wọ́n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n nu èéfín dúdú tó máa ń bà sórí gbogbo nǹkan ní Port Harcourt nígbà yẹn kúrò lójú fèrèsé. Wọ́n wá dé ẹ̀yìnkùlé. Omi adágún. Òórùn. Bókẹ́ẹ̀tì mẹ́fà. Èmi wà nínú ilé, Wàsílátù wà ní balùwẹ̀. Màámi ò fẹ́ da ẹrẹ̀ ọmọ wọn nù o, wọn kì í ṣe ìkà. Wọ́n kàn fẹ́ kó má rùn mọ́ kí wolé-wolé tó dé ni. Wọ́n bá mú Izal, apakòkòrò olóòórùn líle yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì: bókẹ́ẹ̀tì kìíní, gbuu. Ìkejì, gbuu. Ìkẹta, gbuu. Ìgò gbẹ.

Wolé-wolé ò sì wá.

Igbe tí Wàsílátù ké nígbà tó jáde, àwọn ará ilé iwájú rò pé ejò ni. Màámi dúró pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. "Mo tún un ṣe fún ẹ ni!"  Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé mítà mi jáde: mẹ́ta apá òsì ti ń lọ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́, ó kù díẹ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, òdo, òdo, òdo. Gílóòbù tó nílò bókẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ní mẹ́ta péré, kò sì lè tàn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi tọ́ àwọn kòkòrò yẹn. Ọjọ́ kan ló kù.

Àbúrò mi dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Màámi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọn kì í bẹ ọmọ, ẹ mọ̀ wọ́n. Ìtàn ni wọ́n máa ń fi bẹ̀bẹ̀.

"Lọ́dún kan," wọ́n ní, "n ò tíì lọ́kọ nígbà náà, ìyá mi ní kí n fọ ìkòkò ògì. Mo gbọ́ pé wolé-wolé wà ládùúgbò, mo bá fi Izal fọ̀ ọ́. Ògì tí a rẹ sínú ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin, kò kan. Ó kàn jókòó bí omi ẹfun. Ìyá mi gbóòórùn ìkòkò, wọ́n ní, Mùjídátù, o ti lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ. Mo ní òṣìṣẹ́ wo? Wọ́n ní ṣé o rò pé ògì ń dá kan ni?"

Wàsílátù ò yíjú padà.

"Ìkòkò náà ò fọ́ o," Màámi ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. "Àgbàdo ò bàjẹ́, omi ò bàjẹ́. Izal kì í pa ìkòkò. Ohun tó bá lẹ́mìí ló ń pa."

 Mo rí ẹ̀yìn àbúrò mi tó le gbagidi. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀.

"Màámi, ẹ tún un sọ."

"Mo ní Izal kì í pa ìkòkò."

Wàsílátù fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bọ̀ọ̀dá mi! Ẹrẹ̀ kan náà! Ọ̀pá kan náà, wáyà kan náà! Izal ò lè pa ọ̀pá, Izal ò lè pa wáyà!" Ó di mọ́ Màámi, Màámi ní kó fi àwọn sílẹ̀, ó ń fún àwọn lọ́rùn.

Mọ́ńdè, a kó bókẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú bọ́ọ̀sì, a dé wọn lọ́mọrí, wáyà nìkan ló yọ síta. A ti gbé wọn pò mọ́ra wọn débi pé èmi gan-an ò mọ èyí tó kú. Màámi ní àwọn ń bọ̀, ẹjọ́ àwọn ni. Òórùn ẹrẹ̀ àti ti Izal kún ọkọ̀. Bàbá kan tó gbé adìyẹ sórí itan béèrè pé, "Wetin die for inside this bucket?"

Màámi ló dá wọn lóhùn. "Three don die. Three dey alive." Bàbá náà bọ́ọ̀lẹ̀ níbi tí kì í ṣe bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù.

Nínú gbọ̀ngàn, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jókòó, àwọn ọmọ kíláàbù níwájú. Madam Belema wà nídìí tábìlì rẹ̀. Mista Dagogo mú mítà tirẹ̀ wá, kì í gba mítà ẹlòmíràn gbọ́. Wàsílátù fún un ní ṣọ́ọ̀kì kan. "Ọ̀gá, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní iná, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá ní, ẹ fa ìlà sí i lára. Ẹ má ṣí ọmọrí o."

Ó wọ̀n, ó ń kùn. Ọ̀kan ní. Ọ̀kan ò ní, ó fa ìlà. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kò gbà á gbọ́. Nígbà tó parí, ìlà wà lára mẹ́ta.

"Same mud?" ó béèrè.

"Ọjọ́ kan náà, etí omi kan náà ní Iwofe. Ẹ wá ṣí àwọn tí ẹ fa ìlà sí, kí ẹ gbóòórùn wọn."

Ó ṣí èkíní, ó tẹ orí ba. Ó sín. Ó ṣí èkejì, ó sín. Ní ẹ̀kẹta kò tíì ṣí i tán tó ti ń sín, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Izal. Ó ṣí mẹ́ta yòókù: ẹrẹ̀ lásán, tó ń rùn bí ẹyin tó ti pẹ́. Mista Dagogo nàró.  Ó ń wo mítà, ó ń wo ìlà, ó tún ń wo mítà. Mo ti rí ojú yẹn rí, nínú dígí balùwẹ̀ mi, ọjọ́ kẹjọ.

Ọmọbìnrin kan, Chioma, nàka sókè níwájú. "Sir, ṣé wáyà lè kú?"

"Wire no dey die," Mista Dagogo dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń dá lóhùn.

Ṣùgbọ́n Madam Belema ò tíì wò lẹ́ẹ̀mejì. "Miss Wasilat, iná lẹ ṣèlérí. Iná dà?"

Àbúrò mi gbé ojú sókè. "Kò ní tàn, Ma. Mẹ́ta ti kú."

Kì í ṣe ẹjọ́ tèmi. Àmọ́ ojú iṣẹ́ kì í sinmi: láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń wo aago kékeré tó wà lórí tábìlì pírínsípà, irú èyí tó máa ń fi nọ́ńbà hàn lójú gíláàsì. Ojú rẹ̀ ṣófo. Bátìrì ti kú nínú ẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Irú aago yẹn kì í jẹun púpọ̀, ó kéré sí gílóòbù lẹ́nu. Bátìrì kan ló sì ń lò. Ẹ̀yin náà ti ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi: bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, bátìrì kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma, ẹ yá wa ní aago yẹn."

Mo so wáyà àwọn mẹ́ta tó yè pọ̀, ìrù mọ́ orí. Mo fi kàn án. Òfo. Mo tún fi kàn án, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Aago méjìlá hàn lójú gíláàsì, ó ń ṣẹ́jú, pàì, pàì, pàì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo tí àwọn ọmọbìnrin yẹn pa!

Madam Belema wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

"Wọ́n lẹ́mìí ni, Ma," Màámi sọ láti ẹ̀yìn, "a ò sọ pé wọ́n mọ aago kà." Wàsílátù túmọ̀ rẹ̀. Madam Belema ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo aago náà. Nígbà tó yá, ó tún un wò. Èmi kà á: ẹ̀ẹ̀mejì.

Ó yíjú sí adájọ́. "Mista Dagogo, kánópì wa ń kọ́?"

Mista Dagogo ò tíì gbé ojú kúrò lára bókẹ́ẹ̀tì. Ó ti tọ́ ìka bọ ẹrẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò rà á wò. "Madam, leave canopy for outside," ó ní. "No be for rain dem make am?"

Bí kíláàbù ṣe gba yàrá rẹ̀ nìyẹn. Kánópì ṣì wà níta títí di báyìí tí mò ń sọ yìí, wọ́n sì ti mọ́ra níbẹ̀.

Bókẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kú, Wàsílátù fẹ́ dà wọ́n nù. Màámi ní rárá. Wọ́n da omi Izal kúrò, wọ́n fi omi mímọ́ ṣan ẹrẹ̀ náà lẹ́ẹ̀meje, wọ́n wá bu ife ẹrẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú àwọn tó yè sínú wọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń fi omi kíkan àná pe ògì tuntun. Agolo mílíìkì omi ògì kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé e. Mista Dagogo máa ń wá láti Rumuokwurushi ní Sátidé-Sátidé báyìí, òun pẹ̀lú mítà rẹ̀, kò sì tíì sọ ohun tó ń wá ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, a rí Màámi tí wọ́n lóṣòó ti bókẹ́ẹ̀tì apá òsì, etí wọn sún mọ́ ọmọrí.

"Màámi, kí lẹ ń gbọ́?"

"Ẹ dákẹ́," wọ́n ní. "Súnkànmí, gbé mítà wá. Mo rò pé àwọn òṣìṣẹ́ ti dé."